Bọ́ọ̀dù Tí Àrá Pa ní Alékúwodò, àti Bí A Ṣe Yan Òmíràn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ìdajì oṣù Kẹfà ọdún 2025, àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ fídíò ní Alékúwodò, Òṣogbo, pè mí. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà mi ò tàn mọ́ o. Òjò alẹ́ àná yẹn, àrá kan sán bí ẹni pé inú yàrá ló wà. Látìgbà yẹn ni kò ti dáhùn."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́. Mò ń bọ̀."

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí bí a ṣe yan bọ́ọ̀dù tó rọ́pò èyí tó kú. Bọ́ọ̀dù tí mo ń sọ ni mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan yòókù ń jókòó lé lórí. Ohun tí mo sábà máa ń rí ní ìlú wa ni pé ẹni tó fẹ́ ra mọ́dábọ́ọ̀dù á béèrè èyí tó dára jù, á béèrè iye rẹ̀, á sì sanwó. Ohun tó fẹ́ kì bọ̀ ọ́, iye wọn, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí, kò ní kà wọ́n. Èmi àti àǹtí yìí kà wọ́n. A tún ṣi ibì kan kà, màá sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Ohun tí mo bá lórí tábìlì

Èmi ni mo to kọ̀ǹpútà náà fún un ní 2021. Prọ́sẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) AMD Ryzen 7 3700X ló wà nínú rẹ̀, RAM (ìrántí tó ń lò nígbà iṣẹ́) DDR4 gígábáìtì 8 méjì, káàdì gíráfíìsì onífáànù méjì, àti bọ́ọ̀dù B450 kékeré. Àpótí rẹ̀ gba bọ́ọ̀dù ńlá, ṣùgbọ́n kékeré ni owó ọjọ́ náà ká.

Páwà sọ́pláì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé páwà ló kú. Mo tú gbogbo ẹnu rẹ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù, mo fi wáyà kékeré so àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú lórí púlọ́ọ̀gì onírin 24, fáànù rẹ̀ yí, mítà sì ka fóòtì 12, 5 àti 3.3 bó ṣe yẹ. Ara páwà le.

Mo so ó padà. Fáànù prọ́sẹ́sọ̀ yí díẹ̀, ó dákẹ́, ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Mo gbé ìka lé irin tó bo chipset, ẹ̀rọ kékeré tó ń so prọ́sẹ́sọ̀ mọ́ ìyókù bọ́ọ̀dù, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi gbóná débi tí mo fi yára gbé ọwọ́ kúrò. Ìgbà tí mo yí ẹ̀yìn àpótí náà sí ara mi ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ihò tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ike tó jó.

Mo tẹ̀lé wáyà yẹn. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó gun ògiri lọ sórí òrùlé, ó parí sí ara rédíò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n gbé ka orí òpó irin. Láàárín rédíò náà àti kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan ju àpótí kékeré tó ń fún rédíò níná lọ. Àrá kò ní láti bá òpó náà gan-an. Tó bá sán nítòsí, wáyà gígùn tó wà níta á gba nínú agbára rẹ̀, á sì gbé e wọlé. Àǹtí ní sitabiláísà, ó ní ínfátà tó ná an lówó gọbọi. Àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú, ojú fèrèsé ni olè gbà wọlé.

Mo yọ prọ́sẹ́sọ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fíà, mo kì í bọ bọ́ọ̀dù A320 tí mo fi ń dán nǹkan wò. Ó tàn. RAM tàn. Káàdì gíráfíìsì tàn. Háàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, SSD àti NVMe (ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ tó yára ju háàdì lọ), gbogbo wọn ṣí. Mo pe àǹtí, mo ní, "Mà, bọ́ọ̀dù nìkan ló lọ. Fídíò àwọn oníbàárà yín pé." Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní, "Olúwa, o ṣeun." Ìgbéyàwó mọ́kànlá ló wà lórí háàdì wọ̀nyẹn tí kò tíì gbé fún àwọn tó ni í.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́

Nígbà tí mo fi máa padà dé Alékúwodò ní ọjọ́ kejì, àwọn olùgbaninímọ̀ràn ti dé. Ọmọ iṣẹ́ àǹtí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn géèmù, ní kí wọ́n kúrò lórí AM4, irú ihò tí prọ́sẹ́sọ̀ àǹtí ń wọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, pátápátá, kí wọ́n lọ sórí AM5 tó jẹ́ tuntun. Àbúrò àǹtí ní kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tokunbo kan, kí wọ́n kó háàdì sí i, kí iṣẹ́ máa lọ. Èmi sì rò pé kí a wá bọ́ọ̀dù AM4 míì fún ohun tó ti wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ náà nítumọ̀, mi ò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. AM5 jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2022, AMD sì ti sọ pé àwọn á máa ṣe prọ́sẹ́sọ̀ fún un títí di 2027 ó kéré tán. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí owó rẹ̀ ká a, ibẹ̀ ni màá ní kó lọ. Ṣùgbọ́n àǹtí kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ ní irin tíntìntín 1,331 lábẹ́, ihò AM4 ni wọ́n wọ̀. Ti AM5, ara bọ́ọ̀dù ni irin rẹ̀ wà, 1,718 ni iye wọn. Ọ̀kan kò lè jókòó lórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni AM5 kò gba DDR4 rárá, DDR5 nìkan ló ń jẹ. Àwọn RAM méjèèjì gùn bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gé àlàfo sí ẹsẹ̀ wọn kò bára mu, ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ á ba nǹkan jẹ́ ni. Èyí túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀dù, prọ́sẹ́sọ̀ àti RAM, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a máa rà, a ó sì gbé prọ́sẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sílẹ̀. ₦400,000 ni àǹtí yà sọ́tọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Kò ní tó ohun tó máa sàn ju èyí tó ní lọ.

Tokunbo ọ́fíìsì kò gba àkókò wa púpọ̀. Bọ́ọ̀dù inú ọ̀pọ̀ wọn ní ẹnu páwà tirẹ̀ tí kò bá ti ọjà mu, ihò inú rẹ̀ kò pọ̀, àpótí rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé káàdì gíráfíìsì àǹtí kò ní wọlé. Mo mú káàdì náà, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò àǹtí. Ó ní, "Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n."

Kíka ẹnu tó máa jẹun

Ó wá ku kí a mọ irú bọ́ọ̀dù AM4 tó yẹ. Mo ní kí àǹtí kó gbogbo nǹkan tó ń so mọ́ kọ̀ǹpútà wá sórí tábìlì, títí kan èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo mú ìwé àti báírò.

Káàdì gíráfíìsì ló kọ́kọ́ wá. Ó nípọn ju ihò méjì lọ díẹ̀, ìyẹn ni pé ibi yòówù tó bá jókòó sí, á bo ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni káàdì FireWire, èyí sì ni mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ṣì ń lò. Àǹtí ní, "Ẹnjiníà, má fọwọ́ kan ìyẹn o. Òun ló san owó ilé-ìwé ọmọ mi lọ́dún tó kọjá." Àwọn ènìyàn máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì MiniDV wá bá a, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ogún ọdún sẹ́yìn, pé kó bá àwọn gbé e sórí fláàṣì. Kámẹ́rà tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì yẹn, FireWire ló fi ń gbé àwòrán jáde, kò sì sí bọ́ọ̀dù tuntun tó ní ẹnu FireWire lára mọ́. Káàdì rẹ̀ kéré, ihò PCIe kúkúrú tí wọ́n ń pè ní x1 ló ń jókòó sí. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ káàdì gíráfíìsì.

Háàdì dísìkì mẹ́ta, SSD kan, gbogbo wọn ń lo ẹnu SATA. Mẹ́rin nìyẹn. NVMe kan tí Windows wà lórí rẹ̀, àti èkejì tó fẹ́ rà fún iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́. SATA kì í yára ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 550 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, NVMe PCIe 3.0 lè tó 3,500. Ẹni tó ń to fídíò kámẹ́rà mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń fi ara mọ ìyàtọ̀ yẹn. Àǹtí tún ní ó kéré tán háàdì kan ni òun ń fi kún un lọ́dọọdún, nítorí àwọn oníbàárà máa ń padà wá béèrè fídíò wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mẹ́rin.

USB: kíbọ́ọ̀dù, máòsì, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì kámẹ́rà, háàdì alágbèéká méjì, ẹ̀rọ ohùn, àti kọ́kọ́rọ́ ètò orin kan tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo. Méje. Bọ́ọ̀dù tó kú ní mẹ́fà lẹ́yìn.

RAM: ó fẹ́ kúrò ní 16 bọ́ sí 32, kí ààyè ṣì wà fún 64 lọ́jọ́ iwájú.

Lẹ́yìn èyí mo kọ àwọn ohun tí kò nílò. Iná aláràbarà, rárá. Títẹ prọ́sẹ́sọ̀ kọjá agbára rẹ̀, rárá. Ohùn olówó iyebíye lára bọ́ọ̀dù, kò wúlò, ẹ̀rọ ohùn tirẹ̀ wà lórí USB. Wi-Fi: mo fa ìlà pa á rẹ́. Mo ní kọ̀ǹpútà tó jókòó síbì kan, tí wáyà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi Wi-Fi ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi í kà.

Àwọn tó wá síwájú wa

Nínú àwọn irú bọ́ọ̀dù AM4 tí a wò, èyí tí wọ́n ń pè ní A520 ló rọrùn jù lówó. Àwọn tí mo rí ní ihò RAM méjì àti M.2 (ihò tí NVMe ń wọ̀) kan, kò sì kọjá PCIe 3.0. Ó dára fún ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń lo Excel. NVMe kejì àǹtí kò ní ríbi jókòó. Mo yọ ọ́ kúrò.

X570 ní gbogbo nǹkan tí a kọ sílẹ̀, ó tún ní lé. Ìṣòro mi pẹ̀lú rẹ̀ ni fáànù kékeré tó wà lórí chipset ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde ní 2019. Ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, tí ọyẹ́ ń kó eruku wọ̀ láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, fáànù tó tó ìka mẹ́ta yẹn á kún fún eruku. Tó bá dákẹ́, àǹtí kò ní mọ̀ títí chipset á fi bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Mi ò fẹ́ ẹ, owó rẹ̀ sì pọ̀.

B550 ló kù, ọ̀nà méjì ló sì pín sí: kékeré, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24.4 níbùú lóròó, àti ńlá, ATX, 30.5 sí 24.4. Ọmọ iṣẹ́ àǹtí béèrè pé kí ni ìyàtọ̀ nígbà tó jẹ́ pé B550 ni méjèèjì. Ìbéèrè tó dára ni. Mo ya àwòrán rẹ̀ fún un. Ààyè ihò mẹ́rin péré ni bọ́ọ̀dù kékeré ní lẹ́yìn àpótí, ńlá ní méje. Lórí kékeré, káàdì gíráfíìsì á jẹ méjì, á sì wọ ẹ̀kẹta díẹ̀. Ká ní FireWire wá bọ́ sí ẹ̀kẹrin, a ti dé ògiri. Lórí ńlá, FireWire á jókòó sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á rí ọ̀nà gbà dé fáànù gíráfíìsì, ihò kan á sì ṣì kù. Àpótí náà sì ti gba ńlá tẹ́lẹ̀. Ohun míì tí mo wò ni irin tó ń fa ooru kúrò lára ibi tí iná prọ́sẹ́sọ̀ ń gbà kọjá. Yàrá àǹtí kò ní AC. Nínú ooru oṣù Kẹta, tí fídíò bá ń jáde fún wákàtí méjì gbáko, bọ́ọ̀dù tí kò ní irin yẹn lè máa dín agbára prọ́sẹ́sọ̀ kù fúnra rẹ̀.

A mú B550 ńlá kan: RAM mẹ́rin, M.2 méjì, SATA mẹ́fà, USB mẹ́jọ lẹ́yìn. Ó ti ń dùn mọ́ àǹtí. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

Ojú ewé tí wọn kì í ṣí

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù máa ń gbé ìwé ìlò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí kò tíì rà á lè kà á. Mo wá ti èyí tí a mú, mo lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ṣàlàyé M.2. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní pé bí nǹkan bá ti wà nínú M.2 kejì, SATA 5 àti 6 kò ní ṣiṣẹ́.

Àǹtí ní, "Ṣé ẹ̀tàn nìyẹn?" Mo ní rárá mà, bí ọ̀nà inú rẹ̀ ṣe rí ni. Prọ́sẹ́sọ̀ 3700X ní ọ̀nà 24 tó gbà ń bá ìta sọ̀rọ̀. Mẹ́rìndínlógún lọ sọ́dọ̀ káàdì gíráfíìsì, mẹ́rin lọ sọ́dọ̀ M.2 àkọ́kọ́, mẹ́rin tó kù lọ sọ́dọ̀ chipset. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n lórí bọ́ọ̀dù, ọ̀nà mẹ́rin yẹn nìkan ni gbogbo ohun tó wà lábẹ́ chipset ní láti gbà dé ọ̀dọ̀ prọ́sẹ́sọ̀: SATA, púpọ̀ nínú USB, íntánẹ́ẹ̀tì, FireWire, M.2 kejì. Bí ọkọ̀ ṣe ń pàdé ní oríta Ọláìyá ni. Ẹnu tí chipset fúnra rẹ̀ lè bọ́ sì níye, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù fi ní láti yan ẹni tí wọ́n máa dá dúró, wọ́n sì yan SATA méjì.

Nítorí náà, bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ SATA mẹ́fà sí ara páálí rẹ̀ jẹ́ SATA mẹ́rin fún àǹtí, mẹ́rin gan-an ló sì ń lò. Kò sí ààyè fún háàdì ọdún tó ń bọ̀. Ká ní a kò ṣí ojú ewé yẹn, ọjọ́ tó bá ra háàdì karùn-ún ni ì bá mọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ náà ní ihò gígùn kejì kan wà nísàlẹ̀ bọ́ọ̀dù, ṣé kì í ṣe ọ̀nà mẹ́rìndínlógún míì nìyẹn? Mo fi ìwé náà hàn án: gígùn rẹ̀ jẹ́ x16, ọ̀nà inú rẹ̀ jẹ́ x4, abẹ́ chipset náà ló sì wà. Mo fẹ́ràn bó ṣe béèrè yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta bọ́ọ̀dù kò mọ̀ ọ́n.

A jókòó tún un rò. Iṣẹ́ kí ni SSD tó wà lórí SATA ń ṣe? Iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ ni àǹtí ń gbé sórí rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni NVMe kejì fẹ́ gbà. Bí NVMe kejì bá ti wọlé, SSD lè jáde, kó di ti ọmọ iṣẹ́. SATA tí a ń lò á di mẹ́ta, ẹ̀kẹrin á ṣófo. Tí ìyẹn náà bá kún, káàdì SATA kékeré á jókòó sí ihò x1 tó kù. Bọ́ọ̀dù náà ṣì bá wa mu, ó kàn jẹ́ pé a ti mọ ibi tó mọ.

Wi-Fi tí mo pa rẹ́

Mo dé ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó síbi oúnjẹ, wáyà dúdú yẹn ṣì wà lójú mi. A fẹ́ ra bọ́ọ̀dù tuntun, a ó sì tún fi wáyà láti orí òrùlé kàn án lára. Òjò oṣù Keje àti Kẹsàn-án ń bọ̀.

Ohun tó lè gba ìyẹn ni kí wáyà rédíò má dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ rárá. Kó wọ ráútà kékeré kan ní igun yàrá kejì, kí kọ̀ǹpútà máa fi Wi-Fi gbà á. Afẹ́fẹ́ kì í gbé iná àrá wọ inú bọ́ọ̀dù bí wáyà ṣe ń gbé e. Ó wá jẹ́ pé Wi-Fi tí mo kà sí ọ̀ṣọ́ ló yẹ kó wà lókè ìwé wa. Mo lè fi Wi-Fi orí USB ṣe é, ṣùgbọ́n USB àǹtí ti jẹ́ méje, ó sì máa ń gbé fídíò ńlá ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókè òkun. Èyí tó wà lára bọ́ọ̀dù, tó ní eriali méjì lẹ́yìn, ló yẹ ẹ́.

Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yí nǹkan kan padà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe." Ó ní, "Kò burú, ṣé a ò tíì sanwó?" Bọ́ọ̀dù kan náà ni, irú rẹ̀ tó ní Wi-Fi ní ìparí orúkọ. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo tún yẹ nǹkan kan wò: bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí a lè fi fláàṣì tún BIOS, ètò kékeré tó ń jí bọ́ọ̀dù nígbà tí a bá tàn án, kọ láìsí prọ́sẹ́sọ̀ nínú rẹ̀. Ó wà. Bí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń yí padà, bọ́ọ̀dù lè má dìde mọ́. Bọ́tìnì yẹn ló máa ń gbé e dìde. Ní ìlú tí wọ́n ti ń mú iná lọ nígbàkúùgbà, mo kà á kún ohun tó pọn dandan, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ní kí n bá òun yan bọ́ọ̀dù.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́

Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo dé ní Òṣogbo kò ní in. A pàṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ ontàjà kan ní Computer Village, Ìkẹjà, pẹ̀lú RAM gígábáìtì 16 méjì àti NVMe kan. Wọ́n fi wáyàbìlì gbé e wá, mo lọ gbà á ní gáréèjì.

Mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tí mo fi wo ara páálí. Orúkọ náà pé, ó ku ọ̀rọ̀ kan ní ìparí. Kò ní Wi-Fi. Mo pe ontàjà náà, ó ní, "Bọ́ọ̀dù kan náà ni, ọ̀gá mi." Mo ní kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ wo ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí yín. Ó kọ́kọ́ jiyàn. Mo fi àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ wa ránṣẹ́ sí i, mo sì sọ fún un pé mi ò tíì ṣí páálí, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó gbà á padà. Ọjọ́ mẹ́rin la pàdánù, owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ sì wà lọ́rùn wa. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn, nítorí àǹtí ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn pé "lọ́la, lọ́la."

Orúkọ bọ́ọ̀dù gùn, ìparí rẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ máa ń wà. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù Intel LGA1700, mo ti rí i tí D4 ní ìparí ń tọ́ka sí DDR4, tí D5 ń tọ́ka sí DDR5. Ẹni tí kò bá kà á dé òpin lè ra bọ́ọ̀dù tí RAM rẹ̀ kò lè wọ̀.

Títò rẹ̀

Ọjọ́ kejì tí èyí tó tọ̀nà dé ni mo tò ó. Bọ́ọ̀dù ńlá nílò ẹsẹ̀ irin mẹ́sàn-án, àpótí náà ní mẹ́jọ láti ìgbà bọ́ọ̀dù kékeré, ọ̀kan nínú wọn sì wà níbi tí bọ́ọ̀dù tuntun kò ní ihò sìkúrù. Mo yọ ọ́. Ẹsẹ̀ irin tó bá dúró lábẹ́ bọ́ọ̀dù níbi tí kò yẹ lè so ọ̀nà iná méjì pọ̀, kí bọ́ọ̀dù tuntun kú lọ́jọ́ tó délé.

RAM tuntun méjèèjì lọ sí ihò kejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ prọ́sẹ́sọ̀. Àǹtí béèrè ìdí tí a kò fi tún kì méjì àtijọ́ bọ àwọn ihò tó ṣófo. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n pẹ̀lú méjì, prọ́sẹ́sọ̀ yìí ń gba DDR4-3200. Bí mẹ́rin bá wọlé, AMD fúnra wọn kò ṣèlérí ju 2933 lọ, fún irú RAM míì, 2667. 32 tó fún un báyìí. Àwọn àtijọ́ lọ sínú kọ̀ǹpútà ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú SSD yẹn, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún àǹtí.

Ẹnu iná prọ́sẹ́sọ̀ lórí bọ́ọ̀dù náà jẹ́ onírin mẹ́jọ àti onírin mẹ́rin. Páwà àǹtí ní ti mẹ́jọ nìkan. Fún prọ́sẹ́sọ̀ wáàtì 65, mẹ́jọ ti tó, mo fi mẹ́rin sílẹ̀ lófo.

Ó tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wọ BIOS, mo yan ìyára RAM, mo tan fTPM, ohun ààbò TPM tó wà nínú prọ́sẹ́sọ̀, nítorí Windows 10 àǹtí máa pàdánù àtìlẹ́yìn Microsoft ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 náà, Windows 11 sì fẹ́ TPM 2.0. Mo fi ínfátà gbé BIOS tuntun wọ̀ ọ́, mo ní kí ẹnikẹ́ni má tan áyọ́ọ̀nù. Mo fi ètò àyẹ̀wò RAM sílẹ̀ di òwúrọ̀, kò rí àṣìṣe kankan. FireWire ka kásẹ́ẹ̀tì MiniDV kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkómọjáde ni, ọdún 2004. Àǹtí jókòó, ó wò ó tán pátá, ó ń dárúkọ àwọn tó ti kú nínú rẹ̀.

Nígbà Ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, kámẹ́rà mẹ́ta ló gbé jáde lọ́jọ́ Arugbá, ó sì to fídíò náà pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn fún àwọn kan tó ń dúró dè é ní òkè òkun. Ní oṣù Kẹsàn-án, àrá tún sán. Ráútà inú yàrá kejì kú. Àǹtí ra òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò náà.

Mo ti lẹ ìwé kan mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí rẹ̀, mo fi báírò kọ ohun tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan sí i kí ẹni yòówù tó bá ṣí i lẹ́yìn mi lè mọ̀: M.2 àkọ́kọ́, Windows. M.2 kejì, iṣẹ́ ọwọ́. SATA 1, 2, 3, háàdì. SATA 4, òfo. SATA 5 àti 6, má lò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àǹtí ní òun ti ra háàdì tuntun, pé kí n wá fa ìlà pa "òfo" yẹn rẹ́.